Kàtúùnù onídà tí ọmọ mi ń wò: ṣé ó yẹ ọmọ onígbàgbọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dáre, Adó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá inú ẹgbẹ́ yìí. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, n kò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló fa gbogbo rẹ̀. Nígbà ọdún Àjíǹde ló ti Èkó bọ̀, ló bá kó fóònù ńlá lé Dáre lọ́wọ́ láì bi mí. Ó ní kó máa fi kàwé. Ìwé wo? Dátà tí mo fi ń bá àwọn oníbàárà mi sọ̀rọ̀ ni ọmọ náà ń fà tán. Iná kò sí ládùúgbò wa ní Ìjìgbò, ṣọ́ọ̀bù onírun tó wà níwájú ilé wa ló ti ń lọ gba iná sí fóònù. Bí mo bá rán an lómi, ibẹ̀ ni màá ti lọ fà á jáde. Mo fẹjọ́ sun ìyá ọkọ mi, ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù, pé ṣebí ọmọ àwọn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Kàtúùnù Ṣáínà kan ló ń wò lórí rẹ̀. Idà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí ń já, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Mo fara dà á. Àmọ́ ní Sátidé, mo ti Ọjà Ọba dé, mo bá Morẹ́ àbúrò rẹ̀ lórí àga pẹ̀lú igi lẹ́nu. Wọ́n fi àjákù ankara mi so igi náà mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n ta á kókó lẹ́yìn orí. Ọmọ náà kò sunkún, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí. Mo pariwo "Jésù!" débi pé gbogbo ará ilé sáré jáde.

Ọmọ ìjọ ni wá láti ìrandíran. Bàbá àgbà mi wà ní Èfọ̀n ní 1930 nígbà tí Àpósítélì Babalọlá wá ṣe ìsọjí níbẹ̀. Irú nǹkan báyìí kò wọ ilé wa rí. Ṣé kí ọmọ onígbàgbọ́ máa wo irú kàtúùnù yìí? Ẹ má fi dúdú pe funfun fún mi o.

Màmá Ìfàkì
Ha! Ẹ gba fóònù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí yìí, kí ẹ dáná sun ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbé lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́sí, fíìmù àjẹ́ ló ń wò ní tirẹ̀. Tó bá di òru, á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀. Àdúrà tí a gbà nílé yẹn nígbà náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ wá ní èmi ni mi ò bójú tó ọmọ òun, títí di òní kì í kí mi dáadáa. Ẹ má jẹ́ kó dé bẹ̀.

Ajíhìnrere Ọ̀mùò
Ojú ni ẹnu ọ̀nà ọkàn. Diutarónómì 18, ẹsẹ 10 àti 11, ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí: a kò gbọdọ̀ rí aláfọ̀ṣẹ, oṣó, tàbí abókùúsọ̀rọ̀ láàárín wa. Ohun tó bá ti ní ànjọ̀nú nínú, kò sí bí a ṣe fẹ́ wẹ̀ ẹ́ kó mọ́. Bí Màmá Ìfàkì ṣe wí ni kí ẹ ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́
Ẹ kú ìpayà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni Dáre? Kí ni orúkọ kàtúùnù náà? Igi tí ẹ rí yẹn, ṣé ọparun ni, tí wọ́n fi ìbú rẹ̀ sí i lẹ́nu?

Ìyá Dáre, Adó
Ọparun ni! Ó gé e lẹ́yìn ilé, ó fi yanrìn ha á títí tó fi ń dán. Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ̀rù tún wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ óò bi, òun ló kó o sínú fóònù fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́
Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Demon Slayer ni, Japan ló ti wá. Ìtàn ọmọkùnrin kan ni, Tanjiro, tó ń ta èédú láti fi gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn níbi tó ti lọ tajà, ó sùn síbẹ̀. Kó tó délé láàárọ̀, ànjọ̀nú ti pa gbogbo wọn, àfi àbúrò rẹ̀ obìnrin, Nezuko, òun náà sì ti ń di ànjọ̀nú. Wọ́n fi ọparun sí i lẹ́nu kó má baà bu ènìyàn jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ń gbé e pọ̀n kiri, ó ń wá ìwòsàn fún un. Eré yẹn ni Dáre ń ṣe. Kò sí oògùn níbẹ̀.

Ajíhìnrere Ọ̀mùò
Ọmọdé ni ọ́. Ohun tí o fẹnu ara rẹ sọ yẹn kò tó láti lé onígbàgbọ́ sá?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́
Ẹ má bínú, sà. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kó sin ànjọ̀nú níbẹ̀. Wọ́n ń bá wọn jà ni, láti ìpín kìíní. Ẹ wò ó ná kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Màmá Ìfàkì
Wo ẹnu ọmọ! Àgbàlagbà lò ń bá sọ̀rọ̀ o.

Tísà Ìjerò
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká jà. Èmi àti àwọn ọmọ mi jọ wò ó ni, torí òun ni gbogbo kíláàsì mi ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí onígbàgbọ́ máa bá pàdé níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ pọ̀, mi ò ní purọ́. Bíbẹ́ lórí ni wọ́n fi ń pa ànjọ̀nú, tàbí kí oòrùn ràn án. Apá kìíní, tó jáde ní 2019, jẹ́ ìpín 26. Nínú rẹ̀ ni wọ́n dé orí òkè aláǹtakùn, níbi tí ènìyàn ti ń di aláǹtakùn lójú wa. Àgbàlagbà gan-an lè má lè jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Fíìmù ọkọ̀ ojú irin tó tẹ̀ lé e ní 2020, àwọn ará Japan fi PG12 sí i, pé kí òbí tọ́ ọmọ tí kò tíì pé 12 sọ́nà. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi R sí fíìmù kan náà, pé ọmọ tí kò tíì pé 17 kò gbọdọ̀ wọlé wò ó láìsí òbí tàbí alágbàtọ́. Ẹ ò rí i pé àmì yẹn nìkan kò lè ṣèdájọ́ fún wa.

Ní tèmi, àwọn ànjọ̀nú kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù fún ìgbàgbọ́. Ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá wọn, Muzan, ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, ọ̀tá sì ni ìtàn náà fi wọ́n ṣe. Ohun tí mo dá fíìmù dúró lé lórí ni ijó tí ìdílé Tanjiro ń jó fún òrìṣà iná bí ọdún tuntun bá dé, tí ó wá di agbára fún un lójú ìjà. Ìkejì ni àwọn ọmọ méjì kan, Sabito àti Makomo, tó ń kọ́ ọ ní idà lórí òkè. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn la wá mọ̀ pé wọ́n ti kú tipẹ́. Ẹsẹ Bíbélì tí Ajíhìnrere mú wá bá ibẹ̀ mu gan-an. Mo ka 1 Sámúẹ́lì 28 fún àwọn ọmọ mi, ti Sọ́ọ̀lù ní Ẹ́ńdórì, a sì jọ sọ ọ́.

Ti ìṣekúṣe ńkọ́? Apá tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 2021, Yoshiwara ni, àdúgbò aṣẹ́wó láyé àtijọ́ wọn. Ìpín kìíní ti apá 2023, wọ́n fi obìnrin kan hàn nínú omi gbígbóná, irú ti Ìkógòsì wa, ju bó ṣe yẹ lọ. A fo àwọn yẹn. Àmọ́ mi ò rí kàtúùnù míì tí akọni ti ń di ọwọ́ ọ̀tá tó ń kú lọ mú, tó sì ń ṣàánú rẹ̀. Èyí wọ̀ mí lọ́kàn.

Ìyá Àlíyù, Ìkọ̀lé
Àsàláàmù àlékúm. Tísà, ẹ ṣeun. Ní tiwa, ijó òrìṣà iná yẹn ló wúwo jù, ṣíríkì ni, ìyẹn bíbá Ọlọ́run wá orogún. Mo sọ fún Àlíyù pé kò gbọdọ̀ fara wé e, eré ni o, àwàdà ni o. Ohun tó tún dùn mí ni pé ìrun Ìṣáà máa ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Mo ní kí ó kírun kó tó tan fóònù. Ó kọ́kọ́ yọ ìpàkọ́, ó ti mọ́ ọn lára báyìí.

Télọ̀ Ìkẹ́rẹ́
Gbogbo wa tí à ń pariwo yìí, fíìmù wo là ń wò lálẹ́? Tí wọ́n bá gbé ènìyàn sínú pósí tí owó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣé àwọn ọmọ kì í jókòó tì wá ni? Àlọ́ tí ìyá àgbà mi pa fún mi, iwin wà níbẹ̀, egbére wà níbẹ̀. Mo ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá Ìfàkì
Ti fíìmù tiwa, ẹni burúkú ń jìyà níkẹyìn. À ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Télọ̀ Ìkẹ́rẹ́
Ohun tí Tísà sọ nípa ti ibẹ̀ náà kọ́ nìyẹn?

Tísà Ìjerò
Ìyá Dáre, wọ́n ti bi yín, ẹ ò dáhùn. Ọmọ ọdún mélòó ni? Fóònù náà dà?

Ìyá Dáre, Adó
Dáre ti pé 13, JSS 2 ló wà. Ọmọ ọdún 6 ni Morẹ́. Fóònù wà lọ́wọ́ pásítọ̀ wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo yára jù, àmọ́ kí ni kí n ṣe? Igi ni mo rí lẹ́nu ọmọ mi! Mo ṣàlàyé fún pásítọ̀, wọ́n ní ẹ̀mí àjèjì wà lára Dáre, kí ó wá sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì láti Ọjọ́bọ̀ títí di Sátidé, láìjẹ, láìmu, fún ìtúsílẹ̀. Mo ti gbà. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́
Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni Dáre fúnra rẹ̀ sọ nígbà tí ẹ bi í?

Ìyá Dáre, Adó
Ó ní òun fẹ́ gbé Morẹ́ lọ síbi tí ara rẹ̀ á ti yá. Ó ti da ata mi sílẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pamọ́, pé inú rẹ̀ lòun máa gbé e sí. Mo ní kí ló ṣe Morẹ́? Ó ní kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Mi ò fẹ́ kó èyí síta. Bàbá wọn kú ní oṣù kọkànlá. Ó jáde láàárọ̀, ó ń lọ sí Ìlawẹ̀, ọkọ̀ gbá a. Dáre kò sunkún níbi ìsìnkú. Gbogbo ẹbí ń gbá a léjìká, wọ́n ń ní, "Ìwọ ni bàbá ilé báyìí o."

Màmá Ìfàkì
Yé! Ìyá Dáre, kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ sọ eléyìí? Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ má dáná sun nǹkan kan.

Télọ̀ Ìkẹ́rẹ́
Opó ni èmi náà. Ọ̀rọ̀ "ìwọ ni bàbá ilé" yẹn ni wọ́n sọ fún àkọ́bí mi, ló bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́. Mo lọ bá àwọn ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ ọ́ fún ọmọ mi mọ́. Wọ́n bínú sí mi. Ẹ bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, kódà bí wọ́n á bínú.

Ajíhìnrere Ọ̀mùò
Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí kàtúùnù. Àmọ́ ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lórí báyìí, kò yẹ kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi. Ṣé ẹ sọ ohun tí ọmọ wí nípa Morẹ́ fún pásítọ̀?

Ìyá Dáre, Adó
Rárá. Igi nìkan ni mo sọ.

Ajíhìnrere Ọ̀mùò
Ẹ lọ sọ ìyókù lónìí. Àdúrà lè wáyé nílé, kí ó jẹun, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kúnlẹ̀.

Tísà Ìjerò
Ọmọ ọdún 13 lè wò ó pẹ̀lú yín, kó má dá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù onírun. Morẹ́ ò gbọdọ̀ wò ó rárá. Ọparun yẹn, ẹ jù ú nù: bí ọmọ kékeré bá ṣubú pẹ̀lú igi lẹ́nu, ọ̀fun ló ń lọ. Tí fóònù bá padà dé, kí ẹ̀yin àti Dáre jọ wo ìpín kìíní.

Ìyá Dáre, Adó
Àwọn tí wọ́n pa yẹn, ṣé wọ́n fi hàn bí wọ́n ṣe pa wọ́n? Mi ò mọ̀ bóyá èmi gan-an á lè wò ó.

Tísà Ìjerò
Wọn ò fi pípa náà hàn. Òkú wọn la ó rí nínú yìnyín àti nínú ilé, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Dáre mọ ibẹ̀, ẹ ní kó ta yín lólobó tó bá kù díẹ̀, kí ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Bàbá Tanjiro náà ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, àìsàn ló pa á. Ẹ ní kí Dáre sọ nípa bàbá yẹn fún yín.

Ìyá Dáre, Adó
Mò ń lọ bá pásítọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ti òkè aláǹtakùn yẹn, ìpín wo ni ká fò?

Tísà Ìjerò
15 sí 21.