Dọ́là 500 ní sáà kan: ta ló tọ́ sí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa NC Promise, ètò tó dín owó ẹ̀kọ́ kù ní àwọn yunifásítì kan ní North Carolina, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tó fẹ́ wọ ọdún kìíní ní Elizabeth City State, fọ́ọ̀mù wo ló máa kọ kó tó lè san 500 dọ́là?

Bàbá Durham: Kò sí fọ́ọ̀mù kankan fún NC Promise fúnra rẹ̀, ìyá. Láti 2018 ni ìjọba North Carolina ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ san ìyókù. Ọmọ ìpínlẹ̀ ń san 500 ní sáà, ará ìta ń san 2,500. Fayetteville State náà wọ̀ ọ́ ní 2022.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: North Carolina A&T ńkọ́?

Bàbá Durham: Kò sí níbẹ̀. North Carolina Central àti Winston-Salem State náà kò sí níbẹ̀. Nínú ilé-ìwé aláwọ̀dúdú márùn-ún tó jẹ́ ti ìjọba níbí, méjì péré ni.

Àǹtí Charlotte: Ẹ̀yin ò tíì dé ibi tí wàhálà wà: RDS. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ẹni tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀. Bí ọmọ bá ṣì wà lábẹ́ òbí, ibi tí òbí fi ṣe ibùgbé ni wọ́n ń wò, ó sì gbọ́dọ̀ pé oṣù 12 kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé owó ilé, owó orí, láísẹ́ǹsì ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n á bèèrè ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò náà. Ẹni tó bá ń lo green card kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìyẹn lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò o! Òfin ò gbà á.

Adé_Raleigh: Ọmọ tó wà lórí H-4, físà ẹbí òṣìṣẹ́ H-1B, kò lè jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀.

Àǹtí Charlotte: Ó lè jẹ́ ẹ. F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ni kò lè jẹ́ ẹ. FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó ìjọba àpapọ̀, ni H-4 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Kọ́lá: Ẹ rántí pé owó ẹ̀kọ́ nìkan ni 500 yẹn. Ilé, oúnjẹ, ìwé àti àwọn owó kéékèèké mìíràn wà lọ́tọ̀. Owó ìṣèdúró ìlera náà tún máa ń wọ bílì fúnra rẹ̀, ó sì ju 500 lọ. Bí ọmọ bá wà lórí ìṣèdúró òbí rẹ̀, kó tètè fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ tó kọjá, kí wọ́n lè yọ owó náà.

Ìyá Tọ́lá: Ní sáà kọ̀ọ̀kan ni o! Èyí tí wọ́n ṣe ní August kò ká ti January.

Kọ́lá: Ẹ ṣeun, mà. Ibẹ̀ gan-an ló ń ká ọ̀pọ̀ mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, 5,000 lọ́dún ni yóò fi han ẹ́ḿbásì?

Bàbá Durham: Rárá o. Gbogbo iye tó wà lórí I-20, ìwé tí ilé-ìwé fún un láti fi gba físà, ni, ilé àti oúnjẹ nínú rẹ̀.

Adé_Raleigh: Mo gba ti H-4 yẹn. Àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí FAFSA, ẹ kọ ọ́ bí 500 bá tiẹ̀ dà bí owó kékeré. Pell, owó ọ̀fẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a kì í dá padà, lè tó 7,395 lọ́dún, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ẹ̀kọ́ á lọ sórí ilé àti oúnjẹ. Bí òbí ò bá fọwọ́ sí i nínú FAFSA pé kí wọ́n wo ìwé owó orí òun, kọ́bọ̀ kan kò ní jáde.

Ìyá Ìbejì: Bàbá tí kò ní SSN, nọ́ńbà Social Security, ńkọ́?

Adé_Raleigh: Ó lè ṣí àkáǹtì tirẹ̀ lórí StudentAid.gov láìsí i, mà. Kó kọ orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀.