Ìwé ọpẹ́ alaalẹ́: báwo ni kò ṣe ní di àkọ́sórí?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ìmọ̀ràn yín la ń fẹ́. Ohun mẹ́ta là ń kọ sínú ìwé ọpẹ́ lálaalẹ́ ká tó sùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń dùn. Tó bá fi máa di ìkejì, "ẹ̀mí, ìlera, ẹbí" nìkan ló kù, bí orin tó ti mọ́ni lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ gbogboogbò ló ń fà á: "omi tútù lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán" sàn ju "ìlera" lọ.

Alẹ́ tí owó tán nílé, tí ara sì ń ro ńkọ́? Sáàmù 13 fi ẹsẹ mẹ́rin ráhùn kó tó fi méjì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ṣé ká kọ ìráhùn ṣáájú ọpẹ́ ni, àbí ká yà á sójú ewé mìíràn? Ìlà mélòó ló tó? Torí ìráhùn ò mọ ibi tí ìwé pin sí o.