Páálí fíìmù kò bá eré inú rẹ̀ mu: kí ni ṣíṣe?

Ìbéèrè, láti Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Bàbá mi kò lè wo eré lórí fóònù mọ́ nítorí ojú wọn, nítorí náà ni mo ṣe máa ń yá fíìmù àgbéléwò fún wọn ní ìsọ̀ kan ní Òkèṣà. Wọn yóò ya orí àwọn gbajúmọ̀ òṣèré gàdàgbà sí ara páálí, ọ̀kan mú ìbọn, èkejì ń sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbé e sí i, ẹni tí orí rẹ̀ tóbi jù yóò kàn jókòó sórí àga, yóò dáhùn fóònù kan, a kò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́ títí eré yóò fi tán. Ìbọn náà kò sí níbì kankan. Èyí tó ń bí Bàbá nínú jù ni eré àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Onísọ̀ ní òun kì í dá owó padà. Ṣé kí n bá a fà á ni, àbí ọgbọ́n kan wà tí a lè dá kí a tó sanwó?

Èsì, láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ má bá a jà. Màkẹ́tà, ìyẹn ẹni tó ń gbé fíìmù jáde fún títà, ló ń pàṣẹ ohun tí wọn yóò yà sí páálí, nítorí orí òṣèré ló ń tajà. Mo ti ṣe iṣẹ́ onísọ̀ yìí rí, láyé kásẹ́ẹ̀tì. A kì í ráyè wo gbogbo ohun tí a bá kó wọlé. Ẹ yí páálí náà sẹ́yìn, kí ẹ ka lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ọdún tí wọ́n ṣe é àti orúkọ olùdarí. Olùdarí tí Bàbá bá ti gbádùn iṣẹ́ rẹ̀ rí ni kí ẹ dì mú, ẹ fi òṣèré sílẹ̀. Ẹ sì ní kí onísọ̀ fi síídì náà sẹ́nu ẹ̀rọ níbẹ̀, kí ẹ wo ibi tí orúkọ ti ń kọjá: bí wọ́n bá pe gbajúmọ̀ náà ní àlejò pàtàkì, ẹ ti mọ̀ pé kò ní pẹ́ lọ sílé.

Èsì, láti Ìlawẹ̀-Èkìtì

Èmi kò fara mọ́ èyí tán. Ẹni tó gbowó ni ó yẹ kí ó dáhùn. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ kò fàyè gba kí oníṣòwò fi irọ́ tan oníbàárà. N kò ní kí ẹ gbé owó táṣẹ́rẹ́ lọ sí Àbújá o, ṣùgbọ́n ẹ bá a ṣàdéhùn ṣáájú pé yóò pààrọ̀ eré tí ẹ bá ti wò lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹ má sì gbójú lé àmì NFVCB, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, bíi 15 tàbí 18: ọjọ́ orí ẹni tó lè wò ó nìkan ló ń sọ.

Èsì, láti ọwọ́ ọmọ Ìyìn-Èkìtì tó wà ní Amẹ́ríkà

Irú ẹ̀tàn yìí wà níbí náà. Àwọn olóòtú kan a máa fún fíìmù wọn ní orúkọ àti àwòrán tó jọ ti fíìmù ńlá tó wà ní sinimá lọ́wọ́, kí ẹni tó ń kánjú lè mú un. Ìdí ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń yá fíìmù níbí tẹ́lẹ̀, bíi ti Redbox tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tó sì kógbá sílé ní 2024; ta ni ẹ fẹ́ bi léèrè níwájú ẹ̀rọ? Ẹ̀yin ṣì rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Màá bá a sọ ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ náà. Eré tó máa ń já lójijì, tí wọ́n á ní kí a lọ wá Apá Kejì ńkọ́?

Èsì, láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ yá méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì ná an dáadáa.