Ìbéèrè: A ó jọ gbé ilé kan ní Ìsẹ́yìn, báwo ni ká ṣe é?

Akọ̀wé Òru: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Wọ́n ti gbà mí sí ilé àwọn òǹkọ̀wé Ebedi ní Ìsẹ́yìn, èyí tí Dókítà Wálé Òkédìran dá sílẹ̀ lọ́dún 2010 kí àwọn òǹkọ̀wé lè máa wá gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀ láti kọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. N kò mọ àwọn tá a jọ máa gbé ibẹ̀ rí. Òru ni mo máa ń kọ̀wé, mo sì máa ń kà á sókè bí mo bá kọ ọ́ tán. Mi ò fẹ́ dí wọn lọ́wọ́ oorun, mi ò sì fẹ́ kí àkókò mi bá àwàdà lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú oríire! Alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́: ta ní ń jí ní kùtù, ta ní ń ṣiṣẹ́ lóru, ìgbà wo lẹnì kan ò gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn ẹnì kejì. Níbì kan tí mo lọ, a ò sọ ọ́. Bàbá àgbàlagbà kan a máa gbé tíì rẹ̀ wá sí yàrá mi láràárọ̀, ó di ọ̀sán kó tó dìde. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lé àgbà?

Bọ̀dá Amẹ́ríkà: Òótọ́ ni Màmá sọ. Ní MacDowell, ilé irú èyí fún àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà ní New Hampshire lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1907, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán sí, wọn kì í kanlẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kì í lọ síbi iṣẹ́ ẹlòmíì láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Alẹ́ ni wọ́n ń jẹun pọ̀. Kí kálukú yín wá ọ̀sán tirẹ̀ jẹ, kẹ́ ẹ wá máa gba oúnjẹ alẹ́ sè lọ́wọ́ ara yín.

Tíṣà: Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ epo jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ mú iná tó ń gba ṣájì dání.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Ẹ káàbọ̀ sílùú wa. Ẹ má jókòó sílé nìkan o. Ẹ lọ wo àwọn tó ń hun aṣọ òkè, ẹ kí wọn, ẹ jókòó tì wọ́n díẹ̀. Ilé yẹn tún máa ń ní kí àwọn òǹkọ̀wé ran àwọn ọmọ girama lọ́wọ́ nínú ìwé kíkọ. Ẹ jọ lọ! Ẹ ó tètè mọwọ́ ara yín níbẹ̀ ju kẹ́ ẹ jókòó sí pálọ̀ lọ.

Akọ̀wé Òru: Ẹ ṣeun gan-an. Kíkà sókè yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ bi wọ́n. Àwa ya alẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ láti máa kàwé fún ara wa. Ìbéèrè tẹ́nì kan bi mí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n tún orí kejì ìwé mi kọ látilẹ̀. Lóru, ẹ rọra máa kà á lábẹ́ ahọ́n.

Akọ̀wé Òru: Màá sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Màmá. Tíṣà, mo ti ń wá iná náà rà.