Báwo ni mo ṣe lè yí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa lọ́kàn padà?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tí a jọ máa ń jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Mo fẹ́ kí a ra aṣọ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀, kí a fi ìyókù ra bẹ́ńṣì fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò. Èmi ni màá ka ọ̀rọ̀ náà nípàdé.

Ìbéèrè pèsìjẹ, ìyẹn ìbéèrè tí a kì í retí ìdáhùn sí, ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀: "Ṣé aṣọ la ó fi kọ́ ọmọ ni?" Bọ̀dá tí mo kà á fún ní mò ń bú àgbà. (Àwọn àgbà wa á sì dá a lóhùn lóòótọ́, wọn ò mọ̀ pé kò nílò ìdáhùn!) Mo yọ ọ́, mo to iye owó sílẹ̀, ó wá gbẹ bí ìwé ìṣirò. Bí mo bá fi oríkì Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀, inú àwọn àgbà á dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì á sọnù sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀nà ìyínilọ́kànpadà, ṣé kí iye owó ṣáájú ìtàn àwọn ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, àbí kó tẹ̀lé e? Báwo ni mo sì ṣe lè lo ìbéèrè pèsìjẹ ẹyọ kan tí kò ní dún bí èébú?