Ẹṣin tó dúró síta nínú yìnyín: ìyà ni àbí ìtọ́jú? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Mama Tobi, Durham
Ẹ kú òtútù o ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe, ilé dé ilé ni mò ń wa mọ́tò kiri láàárọ̀ kùtùkùtù, pápá kan wá wà lójú ọ̀nà mi tí ẹṣin mẹ́ta máa ń wà. Tuesday tí yìnyín bọ́ yẹn, aago méje ò tíì lù, ilẹ̀ ò tíì mọ́, iná mọ́tò mi bà wọ́n báyìí, yìnyín ti bo ẹ̀yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bíi pé èèyàn ku fúláwà lé wọn lórí, wọ́n kọ̀dí sí atẹ́gùn, wọ́n sorí kodò, wọn ò mira. Ẹkún gbọ̀n mí. Kò sí òrùlé kankan, igi díẹ̀ ló wà létí pápá. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ṣé kí n pe RSPCA, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko? Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ bá mi dá sí i.

Ṣọlá Calgary
Mama Tobi, ẹ nu ojú yín nù. Yìnyín tó dúró lẹ́yìn ẹṣin tí ò yọ́, ohun tó dáa nìyẹn. Irun wíntà wọn nípọn, á dìde, afẹ́fẹ́ á há sáàárín ẹ̀, ooru ara ò ní ríbi jáde. Ẹ bá rí i tí yìnyín ń yọ́ tómi ń kán lára ẹ̀, tó sì ń gbọ̀n, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ dé. Mo ṣiṣẹ́ ní oko ẹṣin fún wíntà méjì nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, ọjọ́ kan wà tó jẹ́ -28, ìta náà ni wọ́n sùn. Kì í ṣe pé ọ̀gá wa ò láàánú o, bí òtútù bá ṣe ń le sí i ló ń ní ká máa fi kún hay wọn. Koríko yẹn, tó bá dénú ìfun ńlá ẹṣin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀, ooru ló ń mú wá, iná ìdáná wọn nìyẹn. Ẹṣin tó wọn 500 kilo á jẹ tó 10 kilo lóòjọ́, nígbà òtútù líle ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ wo ilẹ̀ pápá yẹn bóyá hay wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo omi wọn bóyá ó ti dì. Omi gan-an ló máa ń pa wọ́n, ẹṣin ò lè lá yìnyín kó tó o, oúnjẹ gbígbẹ á dì sí i níkùn.

Wálé Preston
Tiyín lọ́hùn-ún gbẹ. Òjò àti atẹ́gùn ló ń pa ẹṣin tiwa níbí. Irun tó bá rin gbingbin á lẹ̀ mọ́ ara, kò gba afẹ́fẹ́ dúró mọ́, 3 degrees pẹ̀lú òjò burú ju yìnyín yẹn lọ. Àti ẹrẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn nísàlẹ̀, tí ẹ bá rí èépá níbẹ̀, wọ́n ti dúró nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ pẹ́ jù.

Ọmọ Afọ̀njá
Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ilé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n bí mi sí n'Ílọrin. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lásán, bàbá wa àgbà á ní ká fi àpò bo ẹṣin lẹ́yìn lálẹ́, èèrí ọkà àti ewé ẹ̀pà ò gbọ́dọ̀ wọ́n níwájú ẹ̀. Ọyẹ́ nìyẹn o, kì í ṣe yìnyín. Ẹ wá ń sọ pé ẹran tó sùn síta ní -28 ń gbádùn?

Ṣọlá Calgary
Àbúrò, bàbá yín mọ iṣẹ́ wọn, ẹṣin ibẹ̀ ló yàtọ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú níbí ni ara ẹṣin ti ń mọ̀, kí òtútù tó dé rárá, irun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Tí a bá gbé ẹṣin Ìlọrin sọ̀kalẹ̀ síbí ní January, á jìyà gidi, torí irun ẹ̀ fẹ́lẹ́.

Ìyá Ìbejì, Kent
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, mi ò tíì gbàgbé ẹ̀. Ibi tá a ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹṣin funfun kan wà lẹ́yìn ilé wa, wọ́n wọ kúbùsù búlúù fún un, kúbùsù tó dáa, èyí tó ń gba òjò dúró. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ pé ẹ wo bí ẹni tó ni ín ṣe fẹ́ràn ẹ̀. October títí wọ February, kúbùsù kan náà, mi ò rí i kí wọ́n bọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ó wá di ọjọ́ kan, okùn abẹ́ ikùn ẹ̀ já, atẹ́gùn gbé e sókè, mo rí abẹ́ ẹ̀. Ìhà ẹ̀ yọ bíi pátákó ìfọṣọ. Ibi tó ti ń ha á léjìká ti dégbò, irun ibẹ̀ ti tán, ó pupa yòò. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń yin àwọn èèyàn yẹn. Mo pè, wọ́n wá gbé e lọ, wọ́n ní ó máa yè é. Tí mo bá ti rí ẹṣin tó wọ kúbùsù báyìí, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń rò.

Adúkẹ́ Peckham
Jésù.

Bọ̀dé
Ìyá Ìbejì, ẹ̀bi yín kọ́ o. Ẹni tó wọ aṣọ fún un ló mọ ohun tó ń bò.

Wálé Preston
Ohun tí mo fẹ́ kí Mama Tobi gbọ́ gan-an nìyí. Irun wíntà fúnra ẹ̀, kúbùsù ni. Ẹṣin lè gbẹ kangẹ́ kẹ́ ẹ máa rí i rọ̀bọ̀tọ̀ lókèèrè. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: ẹ ki ìka bọ abẹ́ irun ìhà, ó yẹ kẹ́ ẹ bá ẹran díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kan egungun.

Bọ̀dé
Kí wọ́n kúkú fòfin de kúbùsù yẹn.

Wálé Preston
Rárá o. Arúgbó ẹṣin, èyí tó rù, èyí tí wọ́n fá irun ẹ̀ torí iṣẹ́, wọ́n nílò ẹ̀. Kí wọ́n máa bọ́ ọ lójoojúmọ́, kí wọ́n máa yẹ abẹ́ ẹ̀ wò, ohun tó yẹ nìyẹn.

Lánre K
Mama Tobi, ẹ má wọ pápá olówó ẹlẹ́ni lọ ki ọwọ́ bọ ẹṣin o! Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú pápá bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, fóònù lásán ni mo gbé dání, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ọlọ́pàá dé, wọ́n ní aládùúgbò kan pè. Àwọ̀ wa ò jọ tiwọn, ẹ rántí. Ẹ dúró sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ lọ.

Adúkẹ́ Peckham
Wọ́n á tètè dé torí ẹṣin. Àwa tá à ń fi òru tọ́jú àwọn òbí wọn, ta ló ń bi wá bóyá òtútù ń mú wa?

Ọmọ Afọ̀njá
Òótọ́ lẹ sọ, àǹtí mi, ó dùn mí náà. Ẹṣin ọ̀hún ò sì lẹ́nu tó máa fi sọ tiẹ̀.

Títí
Èmi máa ń já búrẹ́dì fún wọn lórí ọgbà. Àṣé kò dáa?

Ṣọlá Calgary
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é mọ́. Ẹṣin ò lè bì. Ohun tí ò bá bá a nínú mu, inú ẹ̀ ló máa lọ́ ọ pa.

Lánre K
Ní ti RSPCA, England àti Wales ni tiwọn, Scotland ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti 2006 ò sọ pé dandan kí ẹṣin nílé, ó ní kí ibi tó wà yẹ ẹ́, kó rí oúnjẹ tó yẹ, kí wọ́n má jẹ́ kó wà nínú ìrora. Tẹ́ ẹ bá máa pè, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀.

Mama Tobi, Durham
Mo ti lọ o. Ọjọ́ ìsinmi mi ni, aago mọ́kànlá àárọ̀, ojú ọ̀nà ni mo dúró sí. Wọ́n ti fọ́ yìnyín ojú omi wọn, àfọ́kù ẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Hay wà níbi mẹ́rin, ó jìnnà síra wọn kí wọ́n má baà lé ara wọn. Méjì ń jẹun. Ẹ̀kẹta, tó ti ń hewú lójú, ó ń jẹ ó ń tu ú, koríko tó tu sílẹ̀ lórí yìnyín ká jọ rúgúrúgú bí ìhá pákò téèyàn rún tán. Bàbá arúgbó kan wá bá mi, mo ti fẹ́ sá. Mo kí wọn, mo ní ẹṣin yẹn ò lè jẹun. Wọ́n ní eyín ẹ̀ ló ti tán, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà, wọ́n ṣí báàgì tó wà lọ́wọ́ wọn hàn mí, oúnjẹ rírẹ ni, èéfín ṣì ń jáde lára ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni wọ́n ń gbé e wá. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n fọwọ́ kàn án. Yìnyín wà lórí irun o, mo ki ìka bọ abẹ́ ẹ̀, ó gbóná bí ẹ̀yìn ọmọ téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sọ̀. Mo kan ìhà ẹ̀ ṣá, kò jìn.

Wálé Preston
Ó kù díẹ̀ káàtó fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ń gbìyànjú. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì, Kent
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ lọ. Ẹ bá mi máa yọjú sí arúgbó yẹn tẹ́ ẹ bá ń kọjá, títí March ó kéré tán.