Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ dókítà tó ń wo ẹyẹ omi lápá Lekki? Kíákíá ni o

Abẹ̀kẹ́_Etíọ̀sà: Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ìmọ̀ràn ni mo fẹ́. Ẹyẹ funfun kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, okùn ìwọ̀ ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ti wú, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn Lekki Conservation Centre, ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko igbó, ni mo ti rí i. Ta lẹ mọ̀ tó lè wò ó lónìí? Ilẹ̀ ti ń ṣú.

Bàbá_Ìbejì_Ajah: Ẹ̀yìn Conservation wo? Apá Chevron ni àbí apá ọ̀sà? Tó bá jẹ́ apá Chevron, ẹ padà sí géètì, ẹ bá àwọn sẹ̀kúríítì sọ̀rọ̀, wọ́n á pe àwọn tó ń ṣọ́ inú ọgbà fún yín. Láti 1990 ni Nigerian Conservation Foundation ti dá ibẹ̀ sílẹ̀, 78 hẹ́kítà ni, wọn ò lè máà mọ ẹni tó ń wo ẹyẹ.

Ọmọ_Àgbẹ̀: Ṣé kì í ṣe lékelèké lásán ni? Ẹ gé okùn yẹn kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ìyá_Tọ́lá: Àǹtí Abẹ̀kẹ́, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó gbé ẹyẹ yẹn lọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó kọjá ọmọ mi rí irú ẹ̀ kan tí apá ẹ̀ kán, àwa náà ń kánjú, a gbé e lọ síbì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá, wọ́n ní kò séwu, wọ́n gba 15,000 náírà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó wò ó rárá. Nígbà tí mo padà débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú kéèjì tó wà láàárín ajá méjì tó ń gbó ni wọ́n gbé e sí mọ́jú, ó ti gan. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan apá yẹn. Ọmọ mi sunkún títí ara ẹ̀ fi gbóná, títí dòní tó bá rí ẹyẹ létí omi á ní mọ́mì ẹ jẹ́ ká má sún mọ́ ọn. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Jagun_Ẹ̀pẹ́: Ẹ dárúkọ ibẹ̀ ká lè sá fún wọn!

Ìyá_Tọ́lá: Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò fẹ́ wàhálà. Mo kàn ní kí wọ́n ṣọ́ra ni.

Dókítà_Ẹran_Ọ̀sìn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti ẹnì kan ba gbogbo wa jẹ́. Ajá àti adìẹ ni ọ̀pọ̀ wa ń rí lójoojúmọ́, ẹyẹ igbó kì í fara da ariwo, ẹ̀rù nìkan lè pa á. Tẹ́ ẹ bá pe dókítà, ẹ bi í pé ṣé ó ti wo ẹyẹ igbó rí, ṣé yàrá kan wà tí ò sí ajá níbẹ̀. Tí ìdáhùn ẹ̀ ò bá já gaara, ẹ pe ẹlòmíì.

Jagun_Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀yin dókítà, ẹ ṣáà máa ń gbè síra yín.

Dókítà_Ẹran_Ọ̀sìn: Mi ò gbè sẹ́nì kankan. Owó tí wọ́n gbà láìwò ó, kò dáa. Ó dùn mí.

Akẹ́yẹ: Ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná, ẹyẹ wà lọ́wọ́ obìnrin yìí. Àǹtí, ẹ wá páálí, ẹ lu ihò sí i lára, ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ gbé ẹyẹ náà sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ dé e, ẹ má máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà torí òkùnkùn ló ń jẹ́ kára ẹ̀ balẹ̀. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ni omi yẹn máa gbà lọ. Ẹ má gbé ojú sún mọ́ ọn o, àwọn ọlọ́rùn gígùn yìí, ojú èèyàn ni wọ́n máa ń ṣá. Ẹ má sì jẹ́ kó fò lọ tòun ti okùn yẹn, ẹ̀ka igi ló máa há a mọ́, ibẹ̀ ló máa rọ̀ sí títí táá fi kú. Mo ti rí i rí, mi ò gbàgbé ẹ̀. Àgógó ẹ̀ dúdú ni àbí yẹ́lò?

Ọmọ_Àgbẹ̀: Kí ni àgógó fẹ́ ṣe níbẹ̀? Lékelèké ni bàbá wa ń pe gbogbo wọn.

Akẹ́yẹ: Lékelèké tó ń tẹ̀lé màlúù, àgógó tiẹ̀ yẹ́lò, tata àti kòkòrò ló ń jẹ. Èyí tí àgógó ẹ̀ dúdú, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ náà dúdú, àmọ́ tí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ́lò bí ìbọ̀sẹ̀, inú omi ló ti ń ṣa ẹja jẹ. Òun lokùn ìwọ̀ máa ń mú jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́.

Ìwòyí_Ìkòròdú: Ẹ kọ̀wé sí A.P. Leventis Ornithological Research Institute ní Jos, ìmọ̀ nípa ẹyẹ niṣẹ́ wọn. Tí òrùka tó ní nọ́ńbà bá wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, torí àwọn ẹyẹ kan máa ń ti Yúróòpù wá síbí tí òtútù bá mú lọ́hùn-ún.

Jagun_Ẹ̀pẹ́: Jos? Ẹyẹ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ní Lekki lálẹ́ yìí?

Bàbá_Ìbejì_Ajah: Ẹ fi ọ̀rá bọwọ́ o, kẹ́ ẹ sì fọwọ́. Ní 2006 tí bird flu H5N1 wọ Nàìjíríà, oko adìẹ kan ní Kàdúná ni wọ́n ti rí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo Áfíríkà. Tẹ́ ẹ bá ní adìẹ nílé, ẹ má gbé e débẹ̀.

Ọmọ_Etí_Òkun: Ẹyẹ kan lẹ ń sọ, àbàtà tí wọ́n ń da iyanrìn dí láti Lekki dé Ajah ńkọ́? Ibi táwọn ẹyẹ yìí ti ń jẹun ti di ilé. Ìwọ̀nba omi tó kù, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ, ibẹ̀ náà làwọn tó ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja ń rọ́ lọ, okùn rọ́bà tí wọ́n bá sì já sọnù kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ́ tún rí òmíì.

Abẹ̀kẹ́_Etíọ̀sà: Ẹ ṣé o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí n tètè rí ohun tẹ́ ẹ kọ. Mo pe dókítà méjì, ọ̀kan ò gbé e, èkejì ní ó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ Ìyá Tọ́lá sì ti dẹ́rù bà mí. Bàbá apẹja kan tó mọ bàbá mi ni mo gbé e lọ bá létí ọ̀sà. Wọ́n faṣọ bò ó lórí, wọ́n ní kí n di àgógó ẹ̀ mú, wọ́n ti ìwọ̀ tó há sí i lẹ́sẹ̀ síwájú títí ẹnu ìwọ̀ náà fi yọ sóde, wọ́n fi pílásì gé ẹnu ìwọ̀ náà kúrò kí wọ́n tó fà á padà, wọ́n wá ń tú okùn yẹn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fomi iyọ̀ fọ ojú ọgbẹ́. Ó wà nínú páálí nílé wọn.

Dókítà_Ẹran_Ọ̀sìn: Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ yẹn dáa, àmọ́ ọgbẹ́ yẹn ṣì fẹ́ oògùn, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣì gbé e lọ.

Akẹ́yẹ: Ṣé ó ń tẹ ẹsẹ̀ yẹn?

Abẹ̀kẹ́_Etíọ̀sà: Láàárọ̀ yìí ó dúró lórí méjèèjì. Ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ́lò. Bàbá ní àwọn máa tú u sílẹ̀ tó bá ti jẹ ẹja méjì. Ó ti jẹ ọ̀kan, ó sì ti ṣá bàbá lọ́wọ́.